Ìbọn Tó Ń Yin Bọ́ǹbù: Ẹ Wo Ìdí Rẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Òkèmẹ̀sí ni mo wà lónìí, ìlú Fábùnmi. Ẹ wo baba ọdẹ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí, wọ́n ń ki ìbọn. Wọ́n da ẹ̀tù sẹ́nu rẹ̀, wọ́n fi àkísà dí i, wọ́n fi ọ̀pá gún un. Wọ́n rọ ọta sí i, wọ́n tún gún un. Kí wọ́n tó parí, mo ti ka ọgọ́ta.

Báyìí náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Ìbàdàn ṣe ń ki tiwọn nígbà ogun Kírìjì, tí wọ́n bá Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jà. Àmọ́ àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà l'Ékòó ra ìbọn òyìnbó ránṣẹ́ sílé, èyí tí wọ́n ń ki láti ìdí. Ẹni tó ń ki ìbọn láti ìdí lè dùbúlẹ̀ sẹ́yìn òkúta kó máa ki í. Ẹni tó ń ki í láti ẹnu, àfi kó nàró. Ariwo ìbọn láàárín àwọn òkè yìí ló sì di orúkọ ogun náà: kí-rì-jì!

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí mo bá gbọ́ pé sójà ibì kan pààrọ̀ ìbọn, ohun tí mo kọ́kọ́ ń bèèrè ni pé: báwo ni wọ́n ṣe ń ki í?

Ní 1961, sójà Amẹ́ríkà gba ìbọn kan tó ń yin bọ́ǹbù kékeré. M79 ni wọ́n pè é. Wọ́n á ṣẹ́ ẹ kọ níbi ìdí, bí ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí àwọn ọdẹ wa kan ní, wọ́n á ti bọ́ǹbù kan bọ̀ ọ́, wọ́n á pa á dé. Àwọn sójà náà fi ariwo ẹnu rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ: Blooper. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an, torí ohun tí àwọn baba wa ṣe níbí gẹ́lẹ́ ni.

Bọ́ǹbù ọ̀hún fẹ̀ tó milimítà 40. Ẹyin adìyẹ tó tóbi fẹ̀ jù ú lọ díẹ̀. Apá èèyàn kì í sábà ju bọ́ǹbù àfọwọ́jù kọjá nǹkan bí ogójì mítà. Èyí ń lọ tó mítà 350, ìyẹn pápá bọ́ọ̀lù bíi mẹ́ta ààbọ̀ tí a tò síwájú ara wọn. Kò sì yára bí ọta: ẹni tó yìn ín lè fojú rí i bó ṣe ń lọ.

Kí ni kì í jẹ́ kó bẹ́ mọ́ sójà lọ́wọ́? Ẹ fara balẹ̀ síbí yìí. Ẹ rántí òkòtó tí a máa ń ta ní kékeré, bó ṣe ń pòòyì. Inú ọ̀pá ìbọn náà ní ojú ilà tó lọ́ yíká, òun ló ń mú kí bọ́ǹbù máa pòòyì bí òkòtó. Ìdènà kan wà ní imú bọ́ǹbù náà. Pípòòyì yẹn ló ń tú u. Kó tó tú tán, bọ́ǹbù ti rin mítà 14, ó kéré tán. Bó bá lọ kọlu ẹ̀ka igi ọsàn tó wà ní mítà márùn-ún sí ọ, kò yẹ kó bú. Lójú tèmi, ọgbọ́n yìí ju agbára rẹ̀ lọ.

Ìṣòro M79 ni pé ẹni tó gbé e kò ní ìbọn gidi mìíràn ju ìléwọ́ lọ. Wọ́n wá ṣe M203, tí wọ́n ń so mọ́ abẹ́ M16, ìbọn gígùn àwọn sójà náà. Ọ̀pá rẹ̀ ń sún síwájú kí wọ́n tó ki í, bọ́ǹbù tó bá gùn jù kò sì lè ráàyè wọlé. Wọ́n lò ó fún ogójì ọdún.

Ní 2009 ni àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gba M320, tí iléeṣẹ́ Heckler & Koch ti Jámánì ṣe. Ẹ̀gbẹ́ ni tirẹ̀ ń ṣí sí, nítorí náà bọ́ǹbù gígùn ń wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́. A lè so ó mọ́ abẹ́ ìbọn, a sì lè dá a lò.

Ohun kan tún wà. Bí M203 bá kọ̀ tí kò dún, sójà gbọ́dọ̀ sún ọ̀pá síwájú kó tó lè tún un fà, ọ̀tá sì wà níwájú. Ti M320, ìka ni yóò kàn fi tún un fà, kò ní ṣí ohunkóhun.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ baba. Wọ́n ti kọ ẹnu ìbọn sókè. Wọ́n fà á. Kò dún. Ẹ wò wọ́n, wọ́n tún ti ń wá ẹ̀tù nínú àpò.