Ta Ló Yà Nínú Àwọn Mẹ́rin?

WÁLÉ: Àǹtí Bọ́sẹ̀, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó ilé ìwé àwọn ọmọ la ní a máa sọ lórí ètò wa lónìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú èyí tó wà níkùn mi dànù.

BỌ́SẸ̀: Ó ti dé nìyẹn.

WÁLÉ: Sátidé tó kọjá, níbi ìsọmọlórúkọ ní Worcester, ní Massachusetts níbí. Bọ̀ọ̀dá kan jókòó tì mí. Ó jẹ ẹran ewúrẹ́ tán, ó wá ń fi igi ìtayín tọ́ka sí mi: “Wálé, àwa ò lè dáa láéláé. Wo àwọn òyìnbó abúlé Dixville Notch, gbogbo wọn pátá ló ń dìbò. Lọ sí ìgbèríko tiwa, ta ló ń jáde?” Mo ní, bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin ńkọ́, ta lẹ dìbò fún ní 2024? Ó lóun ò tíì register! Ẹni tó ti búra di sítísìn láti ayé Obama!

BỌ́SẸ̀: Jury ló ń bà á lẹ́rù, kí wọ́n má baà torí ìforúkọsílẹ̀ ìbò pè é sí kóòtù láti wá bá wọn dá ẹjọ́.

WÁLÉ: Ohun tó sọ gan-an nìyẹn! Pé wọ́n á pe òun, òun á pàdánù shift.

BỌ́SẸ̀: Ní Massachusetts? Inú ìwé tí ìlú fi ń ka àwọn olùgbé rẹ̀ lọ́dọọdún ni wọ́n ti ń mú orúkọ jury níbí. Ó dìbò o, kò dìbò o, lẹ́tà á dé.

WÁLÉ: Ẹ ò bá ti wá bá mi sọ ọ́!

BỌ́SẸ̀: Ìdí kúlà ni mo wà.

WÁLÉ: Ẹ̀yin àti kúlà yẹn! Ọlọ́run ń rí yín. Ṣùgbọ́n Dixville ò jẹ́ kí n sùn. Inú òkè ló wà ní New Hampshire lókè lọ́hùn-ún, kò jìnnà sí Kánádà. Láti 1960 ni wọ́n ti ń dìbò ààrẹ ní agogo méjìlá òru. Òfin gba ìlú tí èèyàn rẹ̀ ò tó ọgọ́rùn-ún láàyè kó ṣí ibùdó lóru, bí gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀ bá sì ti dìbò tán, wọ́n á tì í, wọ́n á kà á. Lọ́dún yẹn, Nixon gba 9, Kennedy ò rí ẹyọ kan. 2008, Obama 15, McCain 6. 2012, 5 sí 5. 2020, Biden 5, Trump òdo.

BỌ́SẸ̀: Wọ́n ń dínkù ni.

WÁLÉ: Hòtẹ́ẹ̀lì ńlá tó gbé ibẹ̀ ró, Balsams, ti ilẹ̀kùn ní 2011. Iṣẹ́ lọ, èèyàn náà tẹ̀lé e. Ó ku àwọn mẹ́fà ní 2024. Ọkùnrin kan fi àkọ́díọ́ọ̀nù kọrin orílẹ̀-èdè kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀...

BỌ́SẸ̀: I.K. Dáíró!

WÁLÉ: Ẹ jọ̀ọ́ o.

BỌ́SẸ̀: Àkọ́díọ́ọ̀nù nínú jùjú, kò sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì fún un ní oyè MBE.

WÁLÉ: Àǹtí! 3 sí 3 ni wọ́n kà, Trump àti Kamala Harris ti Dẹmókírátì. Ibi tó ti ń dùn mí nìyí: nínú àwọn mẹ́fà, mẹ́rin ló jẹ́ Rìpọ́bílíkà, ẹgbẹ́ Trump, nínú ìwé, méjì ò mú ẹgbẹ́ kankan. Níbi ìdìbò abẹ́lé ní oṣù kìíní, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló tẹ̀ka fún Nikki Haley tó ń bá Trump du tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́. Ó wá di oṣù kọkànlá, Trump rí mẹ́ta péré. Rìpọ́bílíkà mẹ́rin! Ó kéré tán, ẹnì kan nínú wọn ti yà sọ́dọ̀ Kamala. Ta ni? Báwo ni wọ́n ṣe ń kí ara wọn láàárọ̀?

BỌ́SẸ̀: Kí ló kàn ọ́? Ìkọ̀kọ̀ ni ìbò.

WÁLÉ: Ìkọ̀kọ̀ wo? Nígbà tó jẹ́ 5 sí òdo, ìkọ̀kọ̀ dà níbẹ̀?

BỌ́SẸ̀: Ìdí tí gbogbo wọn fi ń jáde náà nìyẹn. Mẹ́fà péré! Bí ẹnì kan ò bá yọjú, kámẹ́rà ayé á mọ̀. Ìtìjú ni, kì í ṣe ìfẹ́ ìlú.

WÁLÉ: Kí wọ́n ta díẹ̀ nínú ìtìjú yẹn fún wa. Ní 2023, mílíọ̀nù 93 forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ìbò ò pé mílíọ̀nù 25. Òpùrọ́ ni bọ̀ọ̀dá yẹn, ṣùgbọ́n níbi èyí...

BỌ́SẸ̀: Rárá! Má dá a láre. Ọ̀tan Ayégbajú tiwa l'Ọ́ṣun, ṣé o rò pé wọn ò fẹ́ràn òṣèlú? Títí dòní, wọ́n ṣì ń nàka sí ilé tó ṣe ẹgbẹ́ Dẹ́mọ ní 1965 àti ilé tó ṣe ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ti Awólọ́wọ̀. Wọn ò jọ ń ra iyọ̀ lọ́wọ́ ara wọn! Ṣùgbọ́n ibi tó o ti forúkọ sílẹ̀ nìkan ni PVC, káàdì ìdìbò rẹ, ti ń ṣiṣẹ́. Tíṣà tó forúkọ sílẹ̀ ní Ọ̀tan, tó ń kọ́ni ní Ìlọrin, báwo ló ṣe fẹ́ dé? Ọjọ́ ìdìbò kọ́ ni wọ́n máa ń ní kí mọ́tò má rìn?

WÁLÉ: Àwọn tó jókòó sílé ńkọ́? “Dìbò kí o sebẹ̀” tí wọ́n fi ń ra ìbò dà?

BỌ́SẸ̀: Wọ́n sè é! Ẹlòmíì gba owó ẹgbẹ́ méjèèjì, ó dì fún ẹni tó wù ú.

WÁLÉ: Nígbà tí agent ẹgbẹ́ ń yọ ọrùn wo ibi tó ń tẹ̀ka sí?

BỌ́SẸ̀: Ó fara bò ó. Ìró ńlá ló ró. Jẹ́ n parí ọ̀rọ̀ mi. Ìwé olùdìbò yẹn, 2011 ni INEC, àjọ ìdìbò, kọ ọ́ tuntun, àfikún ni wọ́n ń ṣe sí i láti ìgbà yẹn. Ẹni tó ti kú wà níbẹ̀, ẹni tó ti rìnrìn àjò wà níbẹ̀...

WÁLÉ: Ẹ dúró ná. Ìgbà wo lẹ dé Amẹ́ríkà?

BỌ́SẸ̀: 2012.

WÁLÉ: Ẹ sì forúkọ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò?

BỌ́SẸ̀: ...Wálé.

WÁLÉ: Orúkọ yín ṣì wà ní Ọ̀tan! Ẹ̀yin gan-an lẹ ò jáde!

BỌ́SẸ̀: (ó ń rẹ́rìn-ín) Ṣé wọ́n jẹ́ ká dìbò láti ibí ni? Kí n wọ bàálù lọ tẹ̀ka? Kí n tó rí ọ̀kadà láti Òṣogbo, wọ́n á ti kà á tán.

WÁLÉ: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ wa, ẹ ka Àǹtí Bọ́sẹ̀ mọ́ wọn o.

BỌ́SẸ̀: Ka bàbá ẹ mọ́ ọn. Gbé ìpolówó wọlé, jàre.