Ẹ Sún Díẹ̀ Fún Àlejò

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará nínú Olúwa. Ojúmọ́ ire ló mọ́ wa, a ò ní rí ìjà ọjọ́. Ẹsẹ Bíbélì wa lówùúrọ̀ yìí wà nínú Sáàmù 68, ẹsẹ kẹfà: "Ọlọ́run mú ẹni-òfo jókòó nínú ilé."

Ẹ jẹ́ kí á rọra jẹ ẹ́ lẹ́nu. Bíbélì kò sọ pé Ọlọ́run fi ilé han ẹni-òfo, ìyẹn ẹni tó dá wà. Ó ní ó mú un jókòó níbẹ̀. Ẹni tó bá jókòó nínú ilé, wọ́n ń bu oúnjẹ sílẹ̀ dè é, wọ́n sì ń bèèrè rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣú tí a kò rí i.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí Ọlọ́run mú jókòó níṣojú mi báyìí. Mo ti gbàyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó sọ ọ́, ṣùgbọ́n n kò ní dárúkọ rẹ̀. Parakou ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ló ti wá. Èdè Bàrùbá ló bá lẹ́nu ìyá rẹ̀, Faransé ni wọ́n fi kọ́ ọ níwèé. Ó gba Nikki, ó gba bódà Chikanda wọ Kwara. Ní gbogbo ilẹ̀ Baruten, ó ṣì ń gbọ́ èdè ilé rẹ̀ lẹ́nu àwọn tó ń tajà fún èrò ọkọ̀, torí ẹ̀yà kan náà ló wà lápá ìhín àti lápá ọ̀hún bódà. Ìgbà tó dé Ìlọrin ni etí rẹ̀ di. Iṣẹ́ fèrèsé alumíníọ́mù ló wá ṣe lọ́dọ̀ ọ̀gá kan, ó sì gba yàrá kan ní Gáà-Akanbí, nínú ilé Alhaja kan.

Lọ́sẹ̀ tó dé, ó lọ sí Gáréèjì Ọ̀fà, ó fẹ́ bèèrè ọkọ̀ Tanke. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ẹ jọ̀ọ́, mò ń wá ọkọ." Àwọn agbèrò fi rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n ń pe ara wọn wá gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà ló ti pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó sọ fún mi pé odidi oṣù méjì ni òun fi ń nàka sí ohun tí òun bá fẹ́ rà. Ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ nínú ìlú yìí ni wàrà. Wagasi ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ wọn, àwọn mìíràn sì máa ń fi poroporo pa á láró pupa, ṣùgbọ́n Fúlàní ló ń ṣe é lọ́hùn-ún, Fúlàní náà ló ń ṣe é níhìn-ín. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí i nínú igbá obìnrin kan ní Ọjà Ìpàtà, funfun báláú nínú omi rẹ̀, ṣe ló dúró sójú kan tí omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì sùn nílẹ̀ òkèèrè rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kékeré wo omijé yẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, ó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ó gbọ́ wa níbi tí a ti ń dán orin wò nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí iná, àbẹ́là la tàn. Ó dúró lẹ́yìn fèrèsé. Èmi ni mo rí i, torí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni àwa tẹ́nọ̀ ń jókòó. Mo fọwọ́ pè é, ó mirí. Mo tún pè é.

Kì í ṣe pé inú mi dára ju ti ẹlòmíràn lọ. Bàbá mi ni mo rántí. Ọmọ Ọ̀fà ni, Kumasi ló ti ń ta aṣọ. Ní oṣù November 1969, ìjọba Busia pàṣẹ ní Ghana pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó máa lọ sí ìlú rẹ̀. Bàbá mi kó ìyàwó, ó kó ọmọ, ó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ pẹ̀lú ọjà inú rẹ̀. Ẹ bi àwọn àgbà ní Ọ̀fà, ní Ìlọrin àti nílẹ̀ Ìgbómìnà, wọn á sọ irú rẹ̀ fún yín. Nígbà tó di January 1983, ìjọba tiwa náà lé àwọn ará Ghana, a sì sọ àpò tí wọ́n fi kẹ́rù ní Ghana-Must-Go, a ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀ títí dòní. Ọ̀rọ̀ lílé tí a lé àwọn ará Ghana yìí nira fún mi láti kọ ju ti bàbá mi lọ. Nínú Léfítíkù 19:34, Olúwa ní kí àlejò tó ń bá wa gbé dà bí ìbílẹ̀ fún wa, kí á fẹ́ràn rẹ̀ bí ara wa, nítorí àwa náà ti ṣe àlejò rí. Ìyá mi kì í sọ̀rọ̀ Kumasi kó má dárúkọ àwọn akọrin obìnrin ìjọ rẹ̀ níbẹ̀. Ó ní àwọn ló kọ́kọ́ bi òun pé, "Kí ni ìyá rẹ ń pè ọ́?"

Ọmọkùnrin náà wọlé. A sún lórí bẹ́ńṣì, ó jókòó.

Ó mọ dò rè mí láti ilé-ìwé, ṣùgbọ́n ti Faransé yàtọ̀ sí tiwa. Ibi tí a bá ti ní "ti", "si" ni wọ́n ń wí. Èyí tó tún le jù ni pé dò tiwọn kì í kúrò lójú kan: C orí dùùrù ni, ibẹ̀ ló sì ń wà. Dò tiwa ń ṣí. Bí orin bá wà ní kíì G, G ni dò. Bí ó bá ga jù fún sòpránò tí a gbé e wálẹ̀ sí F, dò á bá a wálẹ̀. Ọ̀gá akọrin wa fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára pátákó. Ọmọ náà wò ó pẹ́, ó wá fi ìwọ̀nba Yorùbá tó ní bèèrè pé, "Ó kúrò, ó ṣì jẹ́ ilé?" Ọ̀gá akọrin ní bẹ́ẹ̀ ni, ibi tí a bá gbé e sí ni orin á ti wá sinmi. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń kọrin, n kò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn ìgbèkùn Bábílónì bèèrè nínú Sáàmù 137 pé, "Àwa ó ti ṣe kọ orin Olúwa ní ilẹ̀ àjèjì?" Ẹ̀yin ará, Ọlọ́run tí wọ́n ń sunkún nítorí tẹ́ńpìlì rẹ̀ ti bá wọn dé etí odò Bábílónì.

Lára pátákó yẹn kan náà ni ọ̀gá akọrin ti kọ́ ọ ní ohùn ẹnu wa: ọkọ, rè rè; ọkọ̀, rè dò; ọkọ́, rè mí. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ rí ẹ̀rín rẹ̀. (Ìṣòro yìí ti bá àwọn baba wa jà pẹ́. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sórí ohùn orin òyìnbó, ìtumọ̀ sì dàrú. Irú wọn Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ló ṣe orin tí ohùn rẹ̀ ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀, Ekundayo Phillips sì kọ ìwé lé ọ̀rọ̀ náà lórí ní 1953.) Ẹni tí wọ́n fi èdè rẹ́rìn-ín, orin ni Olúwa fi tú ahọ́n rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ ló kọ́kọ́ dé, ìfẹ́ wá tẹ̀lé e. Báàsì kan tó ní ọ̀kadà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e délé lẹ́yìn ìdánrawò. Àwọn méjèèjì a dúró jẹ ẹ̀wà lọ́nà. Ìgbà tí ibà gbé e ṣánlẹ̀, báàsì yìí ló sùn tì í, Alhaja onílé sì ń se ògì fún un láràárọ̀. Ọmọbìnrin Ọ̀mù-Àrán kan wà láàárín àwọn áàtò. Wọ́n kọrin pọ̀ fún bí ọdún méjì kí ọmọkùnrin náà tó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún un. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ dá wà nínú ìlú ńlá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi níbí: ìdánìkanwà a máa ti ènìyàn sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ. Ẹ wo Rúùtù ará Móábù. Kí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó tó wáyé, Bóásì ti kìlọ̀ fún àwọn ọmọkùnrin oko pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, ó sì ti pè é wá jẹun láàárín àwọn olùkórè. Ibi tí wọ́n bá ti ń ṣọ́ ọ, tí wọ́n ń bu oúnjẹ fún ọ, ni kí o wò.

Àìsàn kò jẹ́ kí ìyá ọmọkùnrin náà lè ti Parakou wá síbi ìdána wọn. Nígbà tí alága ìjókòó bèèrè ìyá ọkọ ní Ọ̀mù-Àrán, Alhaja onílé dìde nínú aṣọ ẹbí, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó sì kúnlẹ̀ kí àwọn àna.

Ẹ jẹ́ kí á gbàdúrà.

Baba wa, a dúpẹ́ pé o jí wa. A dúpẹ́ fún gbogbo ilẹ̀ tí o ti gba àwọn baba wa sí. Dárí jì wá níbi tí a ti fi ohùn àlejò rẹ́rìn-ín, tí a sì jẹ́ kí ó dákẹ́.

Ìwọ tí o jí lówùúrọ̀ yìí nínú yàrá kan ní Tanke, ní Gáà-Akanbí, ní Sáńgò, tí kò sí ẹni tí yóò kí ọ ní èdè ìyá rẹ, Olúwa yóò pè ọ́ lórúkọ lónìí. Ẹnìkan yóò fọwọ́ pè ọ́ wọlé, o ò ní mirí. Ilẹ̀ tí o tẹ̀ yóò gbà ọ́. Ọ̀rẹ́ tí yóò sùn tì ọ́ lọ́jọ́ àìsàn, Olúwa yóò fi ṣe alábàápàdé rẹ. Ẹni tó ń wá ọkọ, ẹni tó ń wá aya, kò ní ṣìnà bọ́ sọ́wọ́ ìkà.

Olúwa, rántí àwọn ìyá tí ọmọ wọn wà lókèèrè. Fi ìyá mìíràn sí ẹnu ọ̀nà yàrá ọmọ wọn. San án fún Alhaja, san án fún ilé rẹ̀.

Bí a bá pé jọ fún ìdánrawò ní Ọjọ́bọ̀ yìí, Baba, jẹ́ kí á wo ojú fèrèsé. Lórúkọ Jésù Olúwa wa. Àmín.