Ojú Lalákàn Fi Ń Ṣọ́rí: Bí A Ṣe Ń Yẹ Quarterback Wò Kí Draft Tó Dé

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo bá àwọn ará wa kan sọ ní Houston lọ́sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú draft. Mo tún un kọ kó lè ṣe é kà, mo sì yọ púpọ̀ nínú àwàdà rẹ̀ kúrò.

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Mo mọ̀ pé ìrẹsì ló gbé àwọn kan wá. Ẹ fọkàn balẹ̀, ó ń bọ̀.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, draft ni àkókò tí àwọn ẹgbẹ́ tó ń fi bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà jẹun máa ń tò mú ọmọ láti yunifásítì, lọ́kọ̀ọ̀kan, fún ìpele méje. Ẹgbẹ́ 32 ni wọ́n lónìí nínú líìgì wọn, NFL. Ẹgbẹ́ tí nǹkan burú fún jù lọ́dún tó kọjá ló ń kọ́kọ́ mú. Quarterback sì ni ẹni tí wọ́n ń fi bọ́ọ̀lù lé lọ́wọ́ níbẹ̀rẹ̀ eré kọ̀ọ̀kan. Ó lè jù ú, ó lè fà á fún ẹlòmíràn, ó lè gbé e sá. Ohun tó bá ṣe láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta ni gbogbo ẹgbẹ́ máa jẹ èrè rẹ̀ tàbí ìyà rẹ̀.

Lọ́dún 1998, quarterback méjì ló gba ẹnu gbogbo ayé kan: Peyton Manning láti Tennessee àti Ryan Leaf láti Washington State. Àwọn tó ń fi yíyẹ ọmọ wò ṣiṣẹ́ jẹun jiyàn gidi lórí wọn. Indianapolis mú Manning ní ipò kìíní, San Diego mú Leaf ní ipò kejì. Manning gba àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù ní líìgì lẹ́ẹ̀marùn-ún. Leaf ju touchdown 14, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí ẹni rẹ̀ já tó sì di àmì ayò, ní gbogbo àkókò tó lò ní líìgì, ó sì ju bọ́ọ̀lù 36 sọ́wọ́ alátakò. Ẹ wá gbọ́ ibi tó dùn: lọ́dún àkọ́kọ́, Manning alára ju bọ́ọ̀lù 28 sọ́wọ́ alátakò. Kò sí ọmọ tuntun tó tíì ju tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tó bá dá ẹjọ́ rẹ̀ lọ́dún yẹn, ẹjọ́ èké ló dá.

Báwo ni wọ́n ṣe ń yẹ̀ wọ́n wò? Ọdọọdún ni wọ́n ń kó àwọn ọmọ náà jọ sí Indianapolis fún ohun tí wọ́n ń pè ní Combine; ibẹ̀ ló ti ń wáyé láti 1987. Wọ́n á wọn gíga wọn, wọ́n á gbé wọn lé ìwọ̀n, wọ́n á ní kí wọ́n sá 40 yáàdì. Wọ́n á tilẹ̀ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ wọn sílẹ̀, wọ́n á wọ̀n ọ́n láti orí àtàǹpàkò dé orí ọmọ-ìka tó kéré jù. Ẹni tó bá ti dé ọjà Kárà rí mọ ojú tí wọ́n fi ń wo màlúù. Ojú yẹn náà ni.

Tom Brady gba ibẹ̀ kọjá lọ́dún 2000. Ìṣẹ́jú-àáyá 5.28 ló fi sá 40 yáàdì rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé ó lọ́ra. Fọ́tò tí wọ́n yà á pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé ṣì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ lọ wò ó, ẹ ó ní akọ̀wé báńkì ni. Quarterback mẹ́fà ni wọ́n mú ṣáájú rẹ̀, ipò 199 sì ni New England ti mú un. Ìgbà méje ló gba Super Bowl, àṣekágbá líìgì náà.

Mi ò sọ pé ìwọ̀n kò wúlò o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ó ń sọ ibi tí ilẹ̀kùn wà, kò sọ ẹni tó wà nínú ilé. Russell Wilson kò ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Ọwọ́ Joe Burrow jẹ́ ínǹṣì 9, àwọn kan sì ní ó kéré. Cincinnati mú un ní ipò kìíní lọ́dún 2020, ó sì gbé wọn dé Super Bowl ní ìdíje rẹ̀ kejì. JaMarcus Russell ní tirẹ̀ ní gbogbo ohun tí ìwọ̀n ń fẹ́. Wọ́n ní ó lè kúnlẹ̀ kó sì ju bọ́ọ̀lù lọ dé 60 yáàdì. Oakland mú un ní ipò kìíní lọ́dún 2007, ọdún mẹ́ta péré ló sì lò ní líìgì. Wọ́n tún máa ń fún wọn ní ìdánwò kan tó ń jẹ́ Wonderlic, ìbéèrè 50 ní ìṣẹ́jú 12, kí wọ́n tó pa á tì ní Combine lọ́dún 2022. Èmi ò sunkún rẹ̀.

Ibi tí wàhálà náà wà gan-an ni pé iṣẹ́ tí ọmọ ń ṣe ní yunifásítì àti iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ gbà á sí kì í ṣe ọ̀kan, bí wọ́n tilẹ̀ ń jẹ́ orúkọ kan náà.

Ẹ rántí ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Ọmọṣẹ́ kan lè máa rán aṣọ kó dán gbinrin, kí gbogbo oníbàárà máa yìn ín. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ló wọn ènìyàn, ọ̀gá ló gé aṣọ, ọ̀gá ló fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí abẹ́rẹ́ yóò gbà. Ọjọ́ tó bá gba fríìdọ̀mù, tí ìyá kan gbé àǹkárá yáàdì mẹ́fà kalẹ̀ níwájú rẹ̀, tó ní òun fẹ́ lò ó ní Sátidé, ọjọ́ náà la ó mọ̀ bóyá télọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ kóòṣì yunifásítì ló ń bá quarterback wọn gé aṣọ.

Eré kan wà tí wọ́n fẹ́ràn gan-an. Ọmọ náà kàn máa wo alátakò kan ṣoṣo: bí onítọ̀hún bá sá wọlé, kó ju bọ́ọ̀lù sí ẹ̀yìn rẹ̀, bó bá dúró, kó fa bọ́ọ̀lù fún ẹni tó ń sá. Ìdáhùn méjì péré. Òfin sì tún ń tì í lẹ́yìn. Ní yunifásítì, àwọn òmìrán tó ń dáàbò bò ó lè rìn síwájú dé 3 yáàdì kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ní líìgì, yáàdì 1 ni. Àmì méjì tó wà láàárín pápá, tí eré ti ń bẹ̀rẹ̀, fi ẹsẹ̀ bàtà 40 jìnnà síra ní yunifásítì. Ní líìgì, ẹsẹ̀ bàtà 18 àbọ̀ ni. Nítorí náà, ní yunifásítì, apá kan pápá máa ń fẹ̀ lọ bí oko, àwọn alátakò á sì fọ́n ká sínú rẹ̀. Tí ọmọ bá dé líìgì, oko náà á di ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Bí ẹnìkan bá wá sọ fún mi pé lágbájá ju bọ́ọ̀lù ọgọ́rùn-ún, 70 dé ọwọ́ ẹni rẹ̀, ohun tí mo máa ń bèèrè ni pé: mélòó ló fúnra rẹ̀ gé níbẹ̀?

Yunifásítì kọ̀ọ̀kan tún ń ṣe Pro Day tirẹ̀, ọjọ́ tí àwọn ọmọ ibẹ̀ ń fi ohun tí wọ́n lè ṣe han àwọn ẹgbẹ́ líìgì. Ẹ má jẹ́ kí ó tàn yín. Kò sí alátakò níbẹ̀, ọ̀rẹ́ ọmọ náà ló ń já bọ́ọ̀lù, wọ́n sì ti jọ dánra rẹ̀ wò títí. Nígbà mìíràn kóòṣì kan á na ìgbálẹ̀ sókè níwájú rẹ̀ kó lè dà bíi pé wọ́n ń lé e. Ìgbálẹ̀, ẹ̀yin ará! Lọ́dún 2021 Zach Wilson ju bọ́ọ̀lù kan ní tirẹ̀, ó ń sá lọ, ó sì jù ú kọjá ara rẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn, gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì mì tìtì. New York Jets mú un ní ipò kejì. Lọ́dún 2023 wọ́n ti lọ mú Aaron Rodgers wá rọ́pò rẹ̀.

Ibí ni mo ti gbé fídíò kan sí ara ògiri, tí mo sì ń dá a dúró léraléra. Ìgbìyànjú kẹta ni nínú mẹ́rin, yáàdì 8 ló kù kí wọ́n tó lè gba ìgbìyànjú tuntun. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, alátakò méjì dúró jìnnà lẹ́yìn bí ọlọ́dẹ alẹ́. Apá òsì ni ọmọ náà gbèrò láti jù sí. Bọ́ọ̀lù kúrò nílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn méjì yẹn já wálẹ̀, ó bọ́ sí ojú ọ̀nà gan-an tí bọ́ọ̀lù ìbá gbà. Mo dá a dúró: ẹ wo àkoto rẹ̀, ó ti yí kúrò lápá òsì. Mo jẹ́ kó lọ díẹ̀. Òmìrán tó ń ṣọ́ ọ lápá ọ̀tún ti kùnà, géńdé kan ń bọ̀ bí ọkọ̀ tí búrèkì rẹ̀ já. Mo tún dá a dúró: ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò sá sẹ́yìn, kò pòyì. Ó kàn gbé ẹsẹ̀ síwájú, kò tó ìṣísẹ̀ kan, géńdé náà sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ojú rẹ̀ ò wolẹ̀. Bọ́ọ̀lù ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹni tó fẹ́ já a tó bojú wẹ̀yìn. Yáàdì 11.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Òwe yẹn ni mo fi ń yẹ̀ wọ́n wò, ju apá lọ, ju ẹsẹ̀ lọ.

Ẹni tí kò ríran nígbà ẹkún kì í ṣòro mọ̀. Ojú rẹ̀ á já wálẹ̀ láti wo àwọn tó ń bọ̀, á gbàgbé àwọn tirẹ̀ tó ń sá lọ níwájú, á wá fẹ́ fi eré ìje bọ́. Ní yunifásítì ó lè bọ́, torí ó yára ju wọn lọ. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ka iye ìgbà tí wọ́n gbé ọmọ lulẹ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Àwọn òmìrán tó ń ṣọ́ ọ ni gbogbo ayé ń dá lẹ́bi fún un. Ní tèmi, ìwà ọmọ náà ni púpọ̀ nínú rẹ̀, ó sì máa ń tẹ̀ lé e lọ sí líìgì bí ilà tí wọ́n kọ sójú.

Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ di òfin, torí Josh Allen wà. Ní Wyoming, bọ́ọ̀lù rẹ̀ tó ń dé ọwọ́ ẹni rẹ̀ kò ju bíi 56 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, àwọn ọlọ́gbọ́n sì búra pé a kì í kọ́ ènìyàn ní bí a ṣe ń fojú sun nǹkan. Buffalo mú un ní ipò 7 lọ́dún 2018, wọ́n ní sùúrù fún un, wọ́n tún apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tò. Lọ́dún 2020 ó ti lé ní 69. Àmì-ẹ̀yẹ ọdún 2024 di tirẹ̀.

Sùúrù yẹn ni ìdajì ọ̀rọ̀ tí a kì í fẹ́ gbọ́: ilé tí ọmọ bọ́ sí. Lọ́dún 2017 Chicago fi ẹ̀tọ́ mímú ọmọ san án láti sún síwájú, kí wọ́n lè mú Mitchell Trubisky ní ipò kejì, ẹni tó jẹ́ pé eré 13 péré ló bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì. Kansas City gòkè láti ipò 27 wá sí ipò 10, wọ́n mú Patrick Mahomes. Wọ́n wá fi í jókòó sẹ́yìn Alex Smith fún odidi ọdún kan, eré kan ṣoṣo ni wọ́n jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ó ju touchdown 50. Èmi ò gbà pé Mahomes kan náà la ó rí tó bá jẹ́ Chicago ni wọ́n gbé e lọ.

Ẹ tún wo San Francisco. Wọ́n fi ẹ̀tọ́ ìpele kìíní mẹ́ta san án kí wọ́n lè mú Trey Lance ní ipò kẹta lọ́dún 2021. Lọ́dún 2022 wọ́n mú Brock Purdy ní ipò 262, ẹni ìkẹyìn pátápátá nínú draft náà. Wọ́n tilẹ̀ ní orúkọ yẹ̀yẹ́ tí wọ́n ń fún ẹni tó bá jókòó sí ipò yẹn. Ó ti gbá bọ́ọ̀lù ọdún mẹ́rin gbáko ní Iowa State. Òun ló gbé wọn dé Super Bowl. Lance ti bá tirẹ̀ lọ sí Dallas lọ́dún 2023. Kóòṣì kan náà ló yan àwọn méjèèjì o.

Owó náà ń mú kí wọ́n láyà. Lọ́dún 2010, àdéhùn Sam Bradford tó jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ mílíọ̀nù 78 dọ́là fún ọdún mẹ́fà. Wọ́n yí òfin padà. Lọ́dún 2011, ti Cam Newton jẹ́ mílíọ̀nù 22 fún ọdún mẹ́rin. Àṣìṣe ti wá dínwó.

Ìyá kan bèèrè nípa àwọn ọmọ tiwa. Wọ́n wà, ẹ kàn ń wo ibòmíràn ni. Olumuyiwa Fashanu, tí Jets mú ní ipò 11 lọ́dún 2024, iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má kan quarterback. Boye Mafe, tí Seattle mú lọ́dún 2022, iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kí ọwọ́ kàn án. Foyesade Oluokun, ọmọ Yale, ìpele kẹfà ni Atlanta ti mú un lọ́dún 2018; òun ló gbé ènìyàn lulẹ̀ jù ní líìgì lọ́dún 2021 àti 2022.

Ọwọ́ ìkẹyìn tó nà sókè jẹ́ ti bàbá kan lẹ́yìn. Wọ́n ní, “Ìwọ tí o ti ń dá gbogbo ayé lẹ́jọ́ láti ìrọ̀lẹ́ yìí, ta ni ìwọ ìbá mú lọ́dún 2018?”

Mo dákẹ́. Bàbá ò mọ̀ pé mo ní ìwé kan nílé tí mo máa ń to orúkọ sí kí draft tó bẹ̀rẹ̀. Baker Mayfield, Sam Darnold, Josh Allen, Josh Rosen, Lamar Jackson. Rosen ni mo kọ sókè pátápátá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ojú rẹ̀ kì í wolẹ̀, gbogbo ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà sílẹ̀ ló ní. Jackson ni mo kọ sí ìsàlẹ̀, ẹni tí wọ́n mú ní ipò 32 tó sì ti gba àmì-ẹ̀yẹ líìgì lẹ́ẹ̀mejì.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé Arizona tó mú Rosen kò jáwé olúborí ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ lọ́dún yẹn, pé wọ́n lé kóòṣì lẹ́yìn ọdún kan, pé wọ́n mú Kyler Murray ní ipò kìíní lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì ta Rosen fún Miami kó tó mọ orúkọ ògiri ilé. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti gba yàrá kan, bàbá náà ń nu omi ojú, wọ́n sì ti ń gbé ìkòkò ìrẹsì wọlé.