Èéfín Tí Ń Rú Látinú Ilẹ̀

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin olùgbọ́ mi. Nicodemus ni ọ̀rọ̀ wa lónìí, ìletò kan ní ìpínlẹ̀ Kansas tí àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bọ́ lóko ẹrú tẹ̀dó ní 1877. N kò ní fi bí mo ṣe débẹ̀ fa ọ̀rọ̀ gùn. Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà kúkú mọ ilẹ̀ pápá yẹn, níbi tí ènìyàn yóò wakọ̀ títí tí kò ní rí ẹni tí yóò ta àkàrà fún un. Ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Pátákó ìtàn wà létí títì 24, mo sì kà á tán wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ Willianna Hickman ni ó là mí láyà. Láti Kentucky ni òun àti ọkọ rẹ̀, àlùfáà Daniel Hickman, ti wá ní 1878. Àìsàn ti pa nínú àwọn ọmọdé ẹgbẹ́ wọn ní Ellis, ìlú kan ní Kansas tí wọ́n gbà kọjá. Nígbà tí àwọn ọkùnrin kígbe pé Nicodemus rèé, ó wò yí ká, kò rí ilé kankan, ó bi wọ́n pé níbo. Ọkọ rẹ̀ nawọ́ sí èéfín tí ń rú látinú ilẹ̀. Inú ihò tí wọ́n gbẹ́ ni àwọn ará ìlú ń gbé! Obìnrin náà bú sẹ́kún.

Ẹ dúró ná. Èéfín, látinú ilẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo ìwé ìpolówó tí àwọn tí ó dá ìlú náà sílẹ̀ ti fi pè wọ́n wá!

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé ẹkún kọ́ ni à ń fi rántí olùtẹ̀dó. N kò gbà. Nínú ìtàn ìtẹ̀dó tiwa, ọdẹ ni ó máa ń kọ́kọ́ dé, a ó sì kì í títí, ṣùgbọ́n ta ni ó bi ìyàwó rẹ̀ léèrè ohun tí ó rí nígbà tí ó sọ ẹrù kalẹ̀ láàrin igbó? Willianna Hickman sunkún, kò sì padà sí Kentucky. Èwo ni kí a fi pamọ́ níbẹ̀? Ẹlòmíràn yóò ní ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n tẹ̀dó sí. Òótọ́ ni, mo sì fara mọ́ ọn: àwọn ọdẹ Osage, ọ̀kan nínú àwọn ìran tí ó ti wà ní Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó dé, tí ń ti oko ọdẹ bọ̀ ni wọ́n fún wọn lẹ́ran jẹ nígbà òtútù àkọ́kọ́, nítorí náà kí orúkọ Osage wà nínú ìtàn náà gbangba.

Reluwé yà kúrò lọ́nà wọn ní 1888, àwọn oníṣòwò sì tẹ̀ lé e lọ. Síbẹ̀ ní ìparí oṣù Keje lọ́dọọdún, àwọn ọmọ ìlú ń padà wálé wá ṣàjọyọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá mi lọ, kí ó mú ata lọ́wọ́. Èmi yóò gbé ìrẹsì.