Wáàsí Jímọ̀: Ṣé O La Àyà Rẹ̀ Wò Ni?

As-salaamu alaykum warahmatullaahi wabarakaatuhu. Ẹ kú Jímọ̀ olóyin, ẹ̀yin ará mi nínú Ìsìláàmù.

Kò sí ẹni tó wà n'Ìbàdàn lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, tó lè gbàgbé ariwo Bódìjà. Ilé wa jìnnà síbẹ̀ dáadáa, àmọ́ fèrèsé mì jìgìjìgì, páànù orí ilé sì dún bí ẹni pé wọ́n sọ òkò lù ú. Gbogbo wa tú síta. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, olúkúlùkù ti ní ìtumọ̀ tirẹ̀ lẹ́nu. Ìyá kan tó jẹ́ ará ṣọ́ọ̀ṣì ní Jésù ti dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ta káàdì lẹ́bàá títì ní àwọn agbésùnmọ̀mí ti wọ̀lú. Èmi tí ẹ ń pè ní alfa, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé fèrè Ísíráfílù ti dún. Ìgbà tó yá ni Gómìnà Ṣèyí Mákindé wá sọ pé àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ ló kó nǹkan abúgbàmù pamọ́ sínú ilé níbẹ̀. Ìtumọ̀ mẹ́ta, ọ̀kan ò bá a. Ohun tó ti wà nínú oníkálukú tẹ́lẹ̀ ló fi túmọ̀ ariwo.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí fún àwọn olórí ayé tí ọwọ́ wọn wà lórí bọ́ǹbù átọ́míìkì. Àwa tiẹ̀ sàn: nígbà tí tiwa ṣì, a padà wọlé lọ sùn.

Ẹ wo Harry Truman, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi. Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù sí Hiroshima ní 6 oṣù Kẹjọ 1945, wọ́n ju òmíràn sí Nagasaki ní ọjọ́ 9. Ọjọ́ 9 yẹn kan náà ni Truman bọ́ sórí rédíò, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ọwọ́ àwọn ni nǹkan náà bọ́ sí, kò bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá, ó sì gbàdúrà kí Ọlọ́run tọ́ àwọn sọ́nà láti lò ó. Bẹ́ẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ńlá kan wà ní Urakami, ní Nagasaki. Bọ́ǹbù wó o, ó sì pa àwọn tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ má tíì fi Násárà rẹ́rìn-ín o. Lọ́dún 1974 tí India kọ́kọ́ dán tirẹ̀ wò, orúkọ tí a wá mọ̀ ọ́n sí ni "Buddha Ń Rẹ́rìn-ín". Buddha tí kò fẹ́ kí wọ́n pa eèrà! Zulfikar Ali Bhutto, olórí ìjọba Pakistan tẹ́lẹ̀, náà kọ̀wé látinú ẹ̀wọ̀n pé Násárà ní in, Yahúdì ní in, Híńdù ní in, Mùsùlùmí nìkan ni kò ní. Nígbà tí Pakistan wá yin tiwọn ní Chagai ní 28 oṣù Karùn-ún 1998, mo wà lára àwọn tó ké Allaahu Akbar. Mò ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé ara mi ni mo kọ́kọ́ ń bá wí. Tèmi, ẹ̀bùn Ọlọ́hun ni. Tìrẹ, iṣẹ́ Dàjáálì ni. Ẹni tó ń rò bẹ́ẹ̀ kò tíì wo bọ́ǹbù rárá, ojú ẹni tó gbé e lọ́wọ́ ló ń wò.

Ọ̀rọ̀ Iran, tí wọ́n ń fẹ̀sùn kàn pé ó ń wá bọ́ǹbù, ló gbé e síta jù. Ní 2005, Ààrẹ Mahmoud Ahmadinejad dúró níwájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ó sì tọrọ níbi ìparí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé kí Ọlọ́hun tètè gbé ẹni tí à ń retí jáde. Àwọn Ṣíà gbà pé ìmáàmù kejìlá wọn, Màhádì, wà ní ìpamọ́, yóò sì padà. Àdúà yẹn kò ṣàjèjì lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n létí àwọn olóṣèlú òkè òkun, ó dún bí ohùn ẹni tó fẹ́ tiná bọ ayé. Lọ́dún kejì, Bernard Lewis, àgbà ọ̀mọ̀wé nínú ìtàn Ìsìláàmù, kọ ọ́ sínú Wall Street Journal pé kí a ṣọ́ 22 oṣù Kẹjọ 2006. Kí ló dé? Ọjọ́ náà bọ́ sí 27 Rájábù, òru Míráàjì. Ó ní kò dájú pé Iran yóò pa ayé rẹ́ lọ́jọ́ náà, àmọ́ ó bọ́gbọ́n mu kí a fi í sọ́kàn.

Ẹ̀yin ará, a mọ 27 Rájábù n'Ìbàdàn. Ẹlòmíràn á gbààwẹ̀, ẹlòmíràn á ní bídíà ni (Jímọ̀ mìíràn la ó ja ìyẹn), ilẹ̀ á ṣú, a ó jẹ ẹ̀kọ pẹ̀lú àkàrà. Ọjọ́ 22 dé, oòrùn yọ, oòrùn wọ̀.

Ẹ wo apá kejì náà. Ní oṣù Kẹta 2015, Benjamin Netanyahu dúró níwájú àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà, ó fi Iran wé Hámánì inú ìwé Ẹ́sítérì, ẹni tó fẹ́ pa àwọn Yahúdì run. Nígbà tí ogun wá bẹ́ láàárín Israel àti Iran ní oṣù Kẹfà 2025, Mike Huckabee, pásítọ̀ tó jẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Israel, kọ̀wé sí Ààrẹ Trump pé Ọlọ́run ló dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, pé kò sí ààrẹ tó wà nírú ipò rẹ̀ láti ìgbà Truman ní 1945. Truman yẹn kan náà! Sẹ́nétọ̀ Ted Cruz ní Bíbélì kọ́ òun pé ẹni tó bá súre fún Israel, ìre ni yóò bá a. Wọ́n ní níbo ló wà? Kò lè sọ. Jẹ́nẹ́sísì 12:3 ni, alfa ló ń sọ ọ́ fún un.

Usaamah ọmọ Zayd, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì, bá ọkùnrin kan lójú ogun. Ọkùnrin náà rí i pé ọwọ́ ti tẹ òun, ó ní Laa ilaaha illallaah. Usaamah pa á. Ó ní ìbẹ̀rù idà ló mú un sọ ọ́. Ànábì wa (ìkẹ́ àti ọ̀lá Ọlọ́hun kó máa bá a) bi í pé: ṣé o la àyà rẹ̀ wò ni? Ó ń tún un sọ, ó ń tún un sọ, títí Usaamah fi ní ì bá wu òun kó jẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an lòun ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Ìsìláàmù. Inú Sàhíhù Muslim ló wà.

Ní 2010, Ayatollah Ali Khamenei, tó ń darí Iran nígbà náà, ránṣẹ́ sí àpérò kan ní Tehran pé háráámù ni kí èèyàn lo ohun ìjà bíi bọ́ǹbù átọ́míìkì. Àwọn tó kórìíra Iran ní irọ́ ni, ẹ̀tàn ni. Àwọn tó fẹ́ràn wọn ní ọ̀rọ̀ ti parí. Àwọn méjèèjì ló la àyà.

Ṣé kí a wá dijú ni? Rárá. Ọlọ́hun sọ nínú Súúrà Al-Hujuraat pé bí òbìlẹ̀jẹ́ bá mú ìròyìn wá, kí a wádìí rẹ̀. Ohun tó ṣeé wọ̀n wà. Àdéhùn tí Iran bá Amẹ́ríkà àtàwọn orílẹ̀-èdè ńlá mìíràn ṣe ní 2015 ní kí Iran má fọ yùréníọ̀mù, èròjà tí wọ́n fi ń ṣe iná mànàmáná àti bọ́ǹbù, kọjá ìdá 3.67 nínú 100, àwọn olùbẹ̀wò sì ń wọlé wọ̀n ọ́n. Trump fà Amẹ́ríkà yọ ní 2018. Ní 2021, Iran bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́ dé ìdá 60. Ẹni tó bá jẹ́ olóòótọ́ nínú wa gbọ́dọ̀ sọ pé ìdá 60 kì í ṣe ti iná mànàmáná, nítorí ìdá 3 sí 5 ló sábà ń tó o. Ó sì gbọ́dọ̀ sọ pé Israel, tí gbogbo ayé gbà pé ó ní bọ́ǹbù, kò tíì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn 1968 tó ní kí bọ́ǹbù átọ́míìkì má tàn kálẹ̀ rárá. Ẹ máa sọ méjèèjì pọ̀. "Kí ìkórìíra àwọn èèyàn kan má ṣe mú yín yà kúrò nínú ṣíṣe déédé": Súúrà Al-Maaidah, āyah kẹjọ.

Àwọn àgbà wa tiẹ̀ ti rìn ín rí. Láti 1960 ni Faransé ń dán bọ́ǹbù wò ní Réggane, nínú aṣálẹ̀ Algeria, ibi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá. Ní oṣù Kìn-ín-ní 1961, ìjọba Tafawa Balewa lé aṣojú Faransé kúrò ní Nàìjíríà. Wọn ò bèèrè ẹ̀sìn bọ́ǹbù. Eruku ni wọ́n wò.

Lọ́sẹ̀ tí Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù sí Fordow, ibi tí Iran ti ń fọ yùréníọ̀mù, arákùnrin kan tó ń ta pákó ní ọjà Bódìjà dá mi dúró lẹ́yìn ìrun. Ó ti rí fídíò pé Màhádì kù díẹ̀ kó yọ. Ó ní, "Alfa, ilẹ̀ tí mo rà sí Mọ́níyà, ṣé kí n ṣì máa kọ́lé ibẹ̀, àbí kí n fowó náà sílẹ̀?" Mo sọ hàdíìsì fún un, pé bí Àlùkìyámọ̀ bá fẹ́ dé tí ẹnì kan nínú yín sì mú irúgbìn ọ̀pẹ lọ́wọ́, bí ó bá lè gbìn ín, kó gbìn ín. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, òun á ní kí wọ́n já sìmẹ́ǹtì ní Ajé.