Dátà Wo Lẹ Tì Mọ́ Àpótí? Bí A Ṣe Ń Ka Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Oníwádìí Ọpọlọ

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà àti ìmọ̀ ìṣègùn sọ nìyí. Mo tún un tò díẹ̀ fún kíkà, àmọ́ mi ò yọ àwàdà ibẹ̀ kúrò. Àwọn tí mo fi ṣẹlẹ́yà kúkú ti gbọ́ ọ.)

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, mo júbà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìjókòó.

Wọ́n ní kí n sọ bí èèyàn ṣe lè ka àkọsílẹ̀ àtẹ̀jáde oníwádìí tó fi ẹsẹ̀ kan dúró nínú àwòrán ọpọlọ, tó fi èkejì dúró nínú ìṣirò afarawé-ẹ̀dá. Irú wọn ti pọ̀ báyìí. Ẹ ó rí i lórí Google Scholar: pépà kan lórí MRI (ẹ̀rọ tó ń fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì ya àwòrán inú ara), òmíràn lórí genetic algorithm (oríṣi kan nínú ìṣirò afarawé-ẹ̀dá; algorithm ni ìlànà tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé), òmíràn pa méjèèjì pọ̀, àpapọ̀ wọn á sì lé ní ọgọ́rùn-ún. Ẹnu á yà yín. Kó tó yà yín, ìbéèrè kan ni kí ẹ bi í, òun náà ni màá sì máa tún bi títí wọn á fi gba máìkì lọ́wọ́ mi: dátà wo lẹ tì mọ́ àpótí kí kọ̀ǹpútà tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdáhùn? Ìyẹn ni pé, èwo lẹ fi pamọ́ láti fi dán ìdáhùn náà wò nígbẹ̀yìn?

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ ẹja bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ti gbọ́ ọ rí. Ní 2009, Craig Bennett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ròyìn bí wọ́n ṣe gbé ẹja salmon kan sínú ẹ̀rọ MRI. Òkú ẹja ni o. Wọ́n ń fi àwòrán èèyàn hàn án, wọ́n ń bi í pé kí ló rò pé ó wà lọ́kàn ẹni inú àwòrán yẹn. [Ẹ̀rín.] Ẹ̀yin lè rẹ́rìn-ín, kọ̀ǹpútà ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó ṣírò, ó sì tọ́ka sí ibi tó "ń ṣiṣẹ́" nínú ọpọlọ òkú ẹja. Kò sí iṣẹ́ ìyanu níbẹ̀. Àwòrán ọpọlọ kan lè ní ẹyọ kéékèèké tó tó 100,000, èyí tí à ń pè ní voxel. Bí ẹ bá yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, tí ẹ ní kí àṣìṣe má ju ẹyọ kan lọ nínú 1,000, nǹkan bí 100 ló ṣì máa tanná lásán, ì báà jẹ́ ọpọlọ alààyè, ì báà jẹ́ ti ẹja inú fíríìjì. Ìgbà tí wọ́n ṣe àtúnṣe tó yẹ fún ìdánwò tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, gbogbo iná náà kú. Wọ́n gba ẹ̀bùn Ig Nobel, èyí tí wọ́n ń fún ìwádìí tó ń pani lẹ́rìn-ín tó sì ń múni ronú, lórí rẹ̀ ní 2012.

Àwọn kan ní àwàdà lásán ni. Ó dáa. Ní 2016, Anders Eklund, Thomas Nichols àti Hans Knutsson kó dátà àwọn tó kàn dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ sínú ẹ̀rọ, wọ́n fi àwọn sọ́fítíwíà tí gbogbo ayé ń lò yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni pé iṣẹ́ kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Àṣìṣe tó yẹ kó jẹ́ ìdá 5 nínú 100 gòkè dé 70 níbòmíràn. Àwọn oníròyìn wá ń pariwo pé pépà 40,000 ti wọmi. Àwọn oníwádìí náà fúnra wọn ló ní kí wọ́n ṣàtúnṣe gbólóhùn yẹn. Mo sọ ọ́ kí ẹ má bàa lọ ká a lẹ́nu mi.

Ẹsẹ̀ kejì ńkọ́? Ìṣirò afarawé-ẹ̀dá kò ṣòroó ṣàlàyé. Kọ̀ǹpútà á ṣẹ̀dá ìdáhùn bí igba láìronú, á wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, á pa àwọn tó burú, á so àwọn tó dára pọ̀ kí wọ́n bímọ, á yí ọmọ padà díẹ̀, á tún wọ̀n wọ́n. Ìran dé ìran. Ingo Rechenberg àti Hans-Paul Schwefel ti ń ṣe é ní Berlin láti àwọn ọdún 1960. John Holland ti Michigan gbé ìwé tirẹ̀ jáde ní 1975. Kì í ṣe eré ọmọdé. Eríálì tí àwọn sátẹ́láìtì ST5 ti NASA gbé lọ sójú òfuurufú ní 2006, irú algorithm yìí ló yà á. Ó rí wọ́kuwọ̀ku, kò sí ẹnjiníà tó máa fọwọ́ ara rẹ̀ yà á bẹ́ẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọjà wá kún. Wọ́n ń fi ẹranko sọ algorithm lórúkọ. Ẹnì kan mú ìkookò dé, ẹlòmíràn mú àdán, tanátaná, àfòpiná, àbùùbùtán inú òkun. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní pépà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì "borí gbogbo àwọn tó kù". Bẹ́ẹ̀ Wolpert àti Macready ti fi ìṣirò hàn láti 1997 pé kò sí algorithm tó lè borí àwọn yòókù lórí gbogbo ìṣòro pátá. Kenneth Sörensen bẹnu àtẹ́ lu àṣà yìí ní 2015. Ní 2023, Camacho-Villalón, Dorigo àti Stützle tú mẹ́fà nínú àwọn algorithm ẹlẹ́ranko náà palẹ̀, wọ́n ní èròjà tó ti wà tipẹ́ ni wọ́n gbé awọ ẹranko wọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó gbé irú rẹ̀ méjì jáde wà nínú gbọ̀ngàn yìí. Ẹ má wẹ̀yìn. [Ẹ̀rín.] Èmi ń retí algorithm ìjàpá. Ìyẹn, ó kéré tán, kò ní sẹ́ pé òun jí i.

Wàyí o, ẹ pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀. Ká ní ẹ ní àwòrán ọpọlọ èèyàn 40, ogún ní àìsàn, ogún kò ní. Ẹ pín ọpọlọ sí agbègbè 100, ẹ ní kí genetic algorithm ṣa àwọn tó máa fi aláìsàn hàn yàtọ̀. Iye ọ̀nà tó lè gbà ṣà wọ́n jẹ́ nọ́ńbà tó ní díjíìtì 31. Nínú ọ̀nà tó pọ̀ tó yẹn, yóò rí èyí tó pín èèyàn 40 sí méjì gééré, kódà bó bá jẹ́ owó ẹyọ lẹ fi jù sókè láti mọ ẹni tí ẹ máa pè ní aláìsàn! Wíwá ni iṣẹ́ rẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n wá. Ẹja kan ṣoṣo ni Bennett ní; ẹ̀yin ti dá oko ẹja sílẹ̀.

Tí ẹ bá wá fi dátà kan náà dán an wò, tó gba 98 nínú 100, expo ni. Ọmọ tó ti rí ìbéèrè kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó ń kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kú oríire, àfi òbí tó san owó expo. Nikolaus Kriegeskorte àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kìlọ̀ nípa yíyípo yìí, kí èèyàn fi dátà kan náà wá ìdáhùn kó tún fi dán an wò, láti 2009. Ẹ ya àwọn kan sọ́tọ̀ níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kí algorithm má fi wọ́n ṣa ohunkóhun. Ẹ ṣí àpótí lẹ́ẹ̀kan, nígbẹ̀yìn.

Kí ẹ má rò pé mo kórìíra ìgbéyàwó yìí. Ní 2003, Tor Wager àti Nichols kan náà tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan lo genetic algorithm láti to ohun tí wọ́n máa fi han ẹni tó wà nínú ẹ̀rọ: èwo kó ṣáájú, èwo kó tẹ̀lé e, kí ohun tí wọ́n ń wá lè hàn dáadáa. Ẹ wo ọgbọ́n ibẹ̀: algorithm ti parí iṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó wọnú ẹ̀rọ. Dátà ò tíì sí tó máa jí wò. Martin Styner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 2000 lo oríṣi tó rọrùn jù, òbí kan ọmọ kan, láti tún àwòrán MRI tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba ṣe. Irú algorithm òbí-kan-ọmọ-kan yìí wà nínú ITK, àkójọ sọ́fítíwíà fún àwòrán ìṣègùn, ọ̀fẹ́. Kò ní orúkọ ẹranko.

Mo fẹ́ bọ́ sórí h-index báyìí, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wọn oníwádìí nípa iye pépà rẹ̀ àti iye ìgbà tí wọ́n tọ́ka sí wọn, nígbà tí arábìnrin kan nawọ́ láti ẹ̀yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, a ò ní ẹ̀rọ MRI níbí. Orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti ń wa dátà jáde. Àwòrán tí mo ní lé ní 6,000, mo sì ti ya ìdá kan nínú mẹ́wàá sọ́tọ̀ bí ẹ ṣe wí. Ṣé ó ti tó?"

"Èèyàn mélòó ló ni àwòrán 6,000 náà?"

"Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀, sà."

Mo pa ìwé ọwọ́ mi dé, torí ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì ju èyí tó kù níbẹ̀ lọ. Orí ẹnì kan ṣoṣo, MRI lè gé e sí àwòrán pẹlẹbẹ lọ́pọ̀lọpọ̀. Bí ẹ bá po gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ẹ tó ya ìdá kan sọ́tọ̀, àwòrán kan lára orí bàbá kan á wà lọ́wọ́ algorithm, èyí tó tẹ̀lé e gan-an á wà nínú àpótí. Kò dá àìsàn mọ̀ nígbà náà. Bàbá yẹn ló dá mọ̀. Ẹ má rò pé àwa nìkan ni. Junhao Wen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àwọn pépà tó fi kọ̀ǹpútà dá Alzheimer, àìsàn ìgbàgbé, mọ̀ látinú MRI wò ní 2020: ó ṣeé ṣe kí irú expo yìí wà nínú ohun tó ju ìdajì wọn lọ.

"Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ látòkè ni, sà?"

Bẹ́ẹ̀ ni, màmá. Ẹ mú dátà tó ní àmì ẹni kọ̀ọ̀kan. ABIDE, àkójọ àwòrán ọpọlọ àwọn tó ní autism àti àwọn tí kò ní, ní èèyàn 1,112 láti ibùdó 17. Ẹ fi 16 kọ́ algorithm, ẹ ti ìkẹtàdínlógún mọ́ àpótí lódindi, torí ẹ̀rọ ibùdó kan kò jọ ti èkejì, algorithm sì lè máa kọ́ ẹ̀rọ dípò ọpọlọ.

Ní ti pé a ò ní ẹ̀rọ, òótọ́ ni. Ìwádìí tí Godwin Ogbole ti Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2018 ka MRI 84 ní gbogbo Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, fún èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 370. Àmọ́ ẹ rántí Ìdíkàn, àdúgbò kan ní Ìbàdàn. Láti 1992 ni Adesola Ogunniyi, Hugh Hendrie àti àwọn yòókù ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé àwọn àgbàlagbà ní Ìbàdàn àti àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Wọ́n kọ́kọ́ mọ ẹni tí ara rẹ̀ dá, wọ́n wá dúró wo ẹni tí ìgbàgbé máa mú. Èsì rẹ̀ jáde ní 2001: ìgbàgbé mú 1.35 nínú 100 lọ́dún ní Ìbàdàn, 3.24 ní Indianapolis. Ọjọ́ iwájú ni àpótí tiwọn. Ta ló lè jí i wò?

Alága ti ń fi aago hàn mí, nítorí náà kíákíá. Ní 2020, wọ́n fún ẹgbẹ́ oníwádìí 70 ní dátà fMRI (MRI tó ń wo bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́) kan náà. Èsì wọn kò ṣọ̀kan. Ní 2022, Scott Marek àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé kí ìbátan láàárín ọpọlọ àti ìwà tó dúró ṣinṣin, ó máa ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. H-index tí Jorge Hirsch dá sílẹ̀ ní 2005 kò mọ èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí. Ó mọ iye pépà àti iye ìgbà tí wọ́n tọ́ka sí wọn, ìyẹn náà sì ni.

Ìbéèrè ìkẹyìn: "Sà, iye pépà ni ìgbìmọ̀ ìgbéga ń kà." Mo mọ̀, mo ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ náà rí. Ẹ fún wọn ní iye tí wọ́n ń fẹ́. Ṣùgbọ́n lábẹ́ pépà kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìlà kan kún un: èèyàn mélòó ni, ibo ni kóòdù rẹ̀ wà, kí lẹ bá nínú àpótí. "Bí ohun tí a bá níbẹ̀ bá burú ńkọ́, sà?" Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí. Bí jọ́nà kan bá kọ̀ ọ́, ẹ gbé e lọ sí òmíràn. Ẹ má padà lọ tún algorithm ṣe, kí ẹ wá ṣí àpótí kan náà lẹ́ẹ̀kejì.