Ròbọ́ọ̀tì Kan fún Ọmọ Mẹ́ta

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò. Ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ bi mí lórí fífi ròbọ́ọ̀tì kọ́ ọmọ ní ìṣirò ni pé ròbọ́ọ̀tì mélòó ni ilé ìwé máa rà kó tó kárí. Èmi ní ẹ má jẹ́ kó kárí. Ọmọ mẹ́ta sí ẹyọ kan ló dáa. Bí oníkálukú bá ní tirẹ̀, eré ni wọ́n máa fi ṣe. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jọ ni ín, wọn ò ní lè tẹ bọ́tìnnì láìjẹ́ pé ẹnu wọn kò, kí ẹnu wọn sì tó kò, ẹnì kan ní láti ṣàlàyé fún àwọn tó kù. Àlàyé yẹn gan-an ni mo ń wá.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀. Ọdún 1967 ni Seymour Papert, ọmọ bíbí ilẹ̀ South Africa, pẹ̀lú Wally Feurzeig àti Cynthia Solomon, gbé Logo jáde, èdè kọ̀ǹpútà fún ọmọdé. Kò pẹ́ sí i ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ kékeré kan ní Amẹ́ríkà tó ń rìn nílẹ̀, tó ń fi bírò fa ìlà. Ìjàpá ni wọ́n pè é. (Kì í ṣe Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo o, tiwọn yìí ò mọ̀ ju iṣẹ́ tí a rán an lọ.)

Ẹ ní kí àwọn ọmọ JSS 2 fi ròbọ́ọ̀tì ya onígun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba. Wọ́n ti há a sórí pé igun inú rẹ̀ jẹ́ 60 dígírì, 60 náà ni wọ́n máa kọ pé kí ròbọ́ọ̀tì fi yí ní kọ̀rọ̀. Ròbọ́ọ̀tì á lọ, á yà, á lọ, á yà, á lọ, ṣùgbọ́n kò ní padà síbi tó ti gbéra: ìdajì onígun mẹ́fà ló ya fún wọn. Kí olùkọ́ pa ẹnu mọ́ níbí. Ọ̀kan á ní bátìrì ló ń kú lọ. Òmíì á ní kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí wọ́n kọ fún un, ni kò dáa. Ìkẹta á dìde, á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin ín, á wá rí i pé bí òun ṣe dé kọ̀rọ̀, òun fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ojú padà síbi tóun ti ń bọ̀. 60 kúrò nínú 180, ó ku 120: ìyẹn ló yẹ kí ròbọ́ọ̀tì fi yí. Ẹ̀ẹ̀mẹta 120 sì ni 360.

Táyà náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Táyà kan lára LEGO EV3, ìyẹn ròbọ́ọ̀tì tí ọmọ ilé ìwé ń tò fúnra rẹ̀, fẹ̀ ní 5.6 sẹ̀ǹtímítà láti etí kan gba àárín dé etí kejì, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú pai (bíi 3.14), ó di bíi 17.6: ibi tó ń rìn dé nìyẹn bó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Bó bá yí lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó yẹ kó rin 88. Kí wọ́n kọ 88 sínú ìwé kí wọ́n tó tẹ bọ́tìnnì, lẹ́yìn náà kí wọ́n fi tépù wọ̀n ọ́n. Táyà máa ń yọ̀ lórí táìsì, nítorí náà kò ní pé géérégé, ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín ló sì ń bí iṣẹ́ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ máa pààrọ̀ iṣẹ́ láàárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ẹni tó bá mọ fóònù tí wọ́n fi ń kọ kóòdù tẹ̀ jù kò ní fẹ́ gbé e sílẹ̀. Èmi kì í sọ ẹni tí yóò ṣàlàyé fún mi tẹ́lẹ̀. Ẹni tí mo bá nawọ́ sí, máàkì tó bá gbà ni gbogbo wọn gbà.

Ilé ìwé tí kò tíì rówó rà á lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Ọmọ kan á ṣe ròbọ́ọ̀tì, àwọn méjì á kọ àṣẹ sórí pépà, ẹni tó ń rìn ò sì gbọdọ̀ ṣe ju ohun tí pépà wí.